Bí ewì ọkọ́ bàbá mi ṣe di títẹ̀ jáde

Agbowó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní òdìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni mo ń tẹ̀ jẹun: páròjẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà ìwáṣẹ́, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ètò ìsìnkú. Ó lé ní ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wà nídìí kọ̀ǹpútà, orúkọ ẹlòmíì ló sì máa ń wà lójú ewé àkọ́kọ́. Bí iná bá lọ tí kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, ẹ̀yìn ìwé rìsíìtì ni mo máa ń kọ ewì tèmi sí. Ìtàn àròsọ kan tún wà nílé tí mo ti ń kọ bọ̀ láti ìgbà tí mo ti lóyún àkọ́bí mi. Nóòtù mẹ́ta ló gbà.

Bí mo bá rántí bí mo ṣe kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ mi lọ fún atẹ̀wé, ẹ̀rín ló ń pa mí. Mo tẹ gbogbo ewì mi, 61 ni wọ́n, mo kó ìtàn náà lé e lórí, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi fi wáyà bá mi dì í bí a ṣe ń di páròjẹ́ẹ̀tì. Mo rọ ọ́ sínú náílọ́ọ̀nù, mo so ẹnu rẹ̀ ní kókó méjì, mo wọ Micra, ó di ilé iṣẹ́ atẹ̀wé kan nínú ìlú yìí. Oṣù méje ni mo fi retí wọn. Nígbà tí mo padà débẹ̀, náílọ́ọ̀nù mi ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kókó méjèèjì ò tíì tú. Ọkùnrin tó gbé e fún mi ò yájú rárá. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ ló ń bọ́ wa níbí.” Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé ìwé tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń lò ló gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ atẹ̀wé wa ró. Àmọ́ kókó méjì yẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ.

Ẹni tó là mí lójú ni bàbá kan tó máa ń gbé ìtàn ìdílé wọn wá fún mi tẹ̀. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo rojọ́ náílọ́ọ̀nù fún wọn. Wọ́n wò mí láti orí awò ojú wọn, wọ́n ní, “Ìwọ náà! Ṣé gbogbo abà ni ẹni tó fẹ́ ta iṣu ń rù lọ sọ́jà ni? Mú ìwọ̀nba lọ, kí wọ́n tọ́ ọ wò.” Wọ́n wá nawọ́ sí òdìkejì títì, wọ́n ní inú ọgbà yẹn, nígbà tó ṣì ń jẹ́ University College, ni J.P. Clark ti dá ìwé ewì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1958, The Horn lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó di 1961, wọ́n dá Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ nígboro, ẹgbẹ́ náà sì tẹ ìwé fún Clark àti Christopher Okigbo nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ewé bébà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Bàbá Tíṣà ní. Mi ò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà.

Mo bá tú ẹrù. Lálaalẹ́, bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń ka ewì sókè fún ara mi. Èyí tó bá ti ń há mi lọ́nà ọ̀fun, mo yọ ọ́ sẹ́yìn. Orí rédíò Àmúlùdùn ni mo ti mọ ewì látilẹ̀, etí ni mo sì fi mọ̀ ọ́n, nítorí náà ewì tí mo kọ fún ojú nìkan máa ń dá ara rẹ̀ mọ̀ kíákíá. 61 di 14. Nínú 14 yìí, mo mú márùn-ún tó dára jù, mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìwé àtìgbàdégbà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ka òfin wọn dé ìsàlẹ̀. Wọn ò gba iṣẹ́ tó bá ti jáde níbikíbi, ohun tí èèyàn bá sì ti gbé sójú Facebook ara rẹ̀, ó ti jáde nìyẹn. Mẹ́rin nínú márùn-ún mi ló ti wà lórí Facebook láti ọdún tó kọjá, tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń kọ “O ṣeun, akéwì wa” sábẹ́ rẹ̀. Kí n pa á rẹ́? Ojú ayé ti rí ewì náà. Mo fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ tí màá ṣe ìwé, mo padà sídìí àwọn mẹ́sàn-án tó kù, pẹ̀lú ẹyọ kan yẹn.

Òfin ilé kan kì í bá ti èkejì dọ́gba. Àwọn kan fẹ́ ewì mẹ́ta sí márùn-ún nínú fáìlì kan ṣoṣo, àwọn mìíràn fẹ́ kí ewì kọ̀ọ̀kan dá ní fáìlì tirẹ̀. Àwọn kan ò fẹ́ rí orúkọ èèyàn nínú fáìlì rárá, kí ẹni tó ń kà á má baà mọ ẹni tó kọ ọ́. Ti ìtàn, wọ́n á sọ iye ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, ẹni tó bá sì kọjá rẹ̀, wọn ò ní kà á tán. Lẹ́tà tí ń bá iṣẹ́ lọ kì í gùn: ẹ kú iṣẹ́, ewì mẹ́ta rèé, èmi ni báyìí báyìí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ kún ojú ewé kan ààbọ̀, mo tiẹ̀ dárúkọ pásítọ̀ mi.

Mo la ìlà márùn-ún sínú ìwé gbèsè tí mi ò lò mọ́: orúkọ iṣẹ́, ibi tí mo fi ránṣẹ́ sí, ọjọ́ tó lọ, èsì, iye ọjọ́ tó gbà. Ìwé yìí wúlò ju bí mo ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ló gbà kí a fi iṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ síbòmíràn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹnì kan bá ti gbà á kí o tètè sọ fún àwọn tó kù pé ó ti lọ. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ á gbàgbé, á sì tẹ́ lọ́dọ̀ ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọkùnrin kan tún pè mí láàárín èyí, ó ń pè mí ní “ọ̀gá òǹkọ̀wé”. Kò tíì ka ewì mi kankan, ó ti ní iṣẹ́ mi wú ilé iṣẹ́ òun lórí, kí n san 450,000 náírà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó ka ìlà kan nínú ewì tó wù ú sí mi létí. Fóònù já. Kò pè mọ́.

Ìgbà mọ́kànlá ni mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ tí wọ́n kọ̀ ọ́. Ìkejìlá ni “Ọkọ́ Bàbá Mi”.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi ní ọ̀nà Lálúpọn. Ewì náà bẹ̀rẹ̀ báyìí:

Ọkọ́ bàbá mi ò mọ̀wé,
ó mọ ibi tí ilẹ̀ gbé ń mí.

Olóòtú kọ̀wé pé àwọn gbà á, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni prúùfù dé, ìyẹn ẹ̀dà tí òǹkọ̀wé fi ń wo àṣìṣe kí iṣẹ́ tó jáde. Mo ṣí i lórí fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà méjì dúró dè mí. Ohun tí mo rí lókè gàdàgbà ni “Ọkọ Bàbá Mi”. Bàbá mi ti lọ́kọ! Mo sáré lọ sísàlẹ̀. Ní ẹsẹ kejì, ọkọ bàbá mi dúró ní kọ̀rọ̀ ilé, èépá ẹrẹ̀ lára rẹ̀. Ní ẹsẹ kẹta, bóyá ẹnì kan ti gbìyànjú láti tún un ṣe ni o, ó ti di ọkọ̀. Bàbá mi tí kò ní kẹ̀kẹ́ rí láyé rẹ̀ ti di ọlọ́kọ̀, tó tún ń gbé e kọ́ èjìká relé lálẹ́. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, omi sì bọ́ lójú mi. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ní, “Àǹtí, ṣé kò sí nǹkan?”

Iṣẹ́ mi nìyí, nítorí náà mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ ní, ṣ náà ní. Ṣùgbọ́n ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ tó tún ru ohùn lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dá ni. Ohùn náà dá wà lọ́tọ̀, ńṣe ni a ń gbé e pọ̀n. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ ọmọ pọ̀n á já a sílẹ̀, tàbí kó gbé e lé lẹ́tà tó kàn lórí, tàbí kó fi àpótí kékeré dípò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Gentium tàbí Charis ni mo ń fi tẹ iṣẹ́ mi, àwọn méjèèjì mọ ọmọ pọ̀n dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Bí mo bá fi fáìlì Word ránṣẹ́, mo máa ń fi PDF tì í, kí olóòtú lè rí bó ṣe yẹ kó rí. Prúùfù ńkọ́? Rúlà ni mo fi ń kà á, ìlà kan lẹ́ẹ̀kan, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ọgbọ́n orí má baà bá mi ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Mo to àtúnṣe mẹ́tàdínlógún fún olóòtú náà. Ó bẹ̀bẹ̀ títí, ó tún un ṣe, ewì náà jáde. Wọn ò san kọ́bọ̀, mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ti ìtàn le díẹ̀. Mo gé orí kẹta jáde nínú nóòtù mẹ́ta yẹn, mo sọ ọ́ di ìtàn kékeré. Olóòtú mìíràn, obìnrin, dá a padà, wọ́n ní ojú ewé kẹrin ni ìtàn mi ti bẹ̀rẹ̀. Inú bí mi fún ọjọ́ méjì gbáko. Ojú ewé mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ kí n gé ni mo ti jẹ́ kí àkùkọ kọ, tí mo jẹ́ kí oòrùn yọ, tí mo gbálẹ̀ gbogbo àdúgbò Bẹẹrẹ. Ní ọjọ́ kẹta mo gé e. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí: “Ìyá Sìkírá kó gbogbo abọ́ ilé sínú yàrá kan, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó lé kọ́kọ́rọ́.” Àkùkọ mi dà? Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Nígbà tí ewì mẹ́fà ti jáde níhìn-ín lọ́hùn-ún ni mo rántí àwọn tó wà lórí Facebook, mo ní kí n kó gbogbo wọn pọ̀ ní ìwé pẹlẹbẹ. Mo kọ́kọ́ padà lọ wo àdéhùn ilé kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló dá ẹ̀tọ́ padà fún mi lẹ́yìn tí ewì bá ti jáde, kí n ṣáà dárúkọ ibi tó ti kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ò sì nílò òǹtẹ̀ kankan. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti 2022, bí o bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, tìẹ ni, títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ. Mo gba ISBN, nọ́ńbà tí a fi ń dá ìwé mọ̀, láti ọ̀dọ̀ National Library. Ti Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978, ó sì dùn mọ́ mi láti tẹ nọ́ńbà yẹn fún ara mi lẹ́ẹ̀kan. Òfin ní kí a fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn láàárín oṣù kan tí ìwé bá jáde, mo sì fi í ránṣẹ́.

Mọ̀kọ́lá ni mo ti tẹ̀ ẹ́, 100 ẹ̀dà. Atẹ̀wé náà ka ojú ewé mi, ó ní 46 ò ní ṣeé fi pínnì gún láàárín, àfi kó ṣeé fi mẹ́rin pín. Mo fi ewì ìyá mi kún un, ó di 48. Ewì yẹn ni àwọn èèyàn fẹ́ràn jù nínú ìwé náà, mi ò sì bá tí fi í sí i bí kì í bá ṣe ti pínnì.

Ìwé 37 ló kù lórí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà A4. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá di páròjẹ́ẹ̀tì ra ọ̀kan láàárọ̀ yìí, kò mọ̀ pé èmi ló ni ín títí tó fi ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ìtàn mi kejì ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn kan. Ó pé ọjọ́ 41 lónìí, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè.