Bí mo ṣe tún iṣẹ́ ilé gàrí kan tò: agbada ni kó máa pàṣẹ

Agbada 4 ló wà nílé iṣẹ́ gàrí náà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ jẹ́ 1, jáàkì tí wọ́n fi ń fún omi ẹ̀gẹ́ jẹ́ 3, obìnrin 8 ń bó ẹ̀gẹ́, 4 ń yan gàrí. Ẹ̀gẹ́ ń bàjẹ́ nílẹ̀, gàrí kò sì tó tà. Ìyá tó ni ibẹ̀ ti ń kó owó jọ láti ra ẹ̀rọ kejì. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi owó náà pamọ́ ná.

Lọ́jọ́ kìíní, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Láti aago méje àárọ̀ ni mo ti dúró sójú kan tèmi ti aago àti ìwé. Taiichi Ohno, ọ̀kan lára àwọn tó gbé ọ̀nà iṣẹ́ Toyota kalẹ̀ ní Japan, máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa òbírí sílẹ̀, á ní kí ẹ̀ńjìníà dúró sínú rẹ̀ títí tó fi máa rí ibi tí iṣẹ́ ti ń ṣòfò. Ó máa ń súni, àmọ́ kò sóhun tó tó o.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyí. Agbada kan ń gba ẹ̀gẹ́ jíjọ̀ bíi kílò 6 lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú 25 ló sì fi ń yan. Wákàtí 7 ni wọ́n fi ń yan lójúmọ́, ìyẹn ìṣẹ́jú 420: ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ni agbada kan lè yan. 16 lọ́nà 6 lọ́nà 4 jẹ́ kílò 384. Ẹ̀gẹ́ tútù tó máa di ìwọ̀n yẹn, lẹ́yìn tí a bá ti bó o, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì fún omi rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 1. Gàrí tó máa jáde níbẹ̀ á tó kílò 220. Ọkọ̀ tó ń já ẹ̀gẹ́ fún wọn ń já tọ́ọ̀nù 3 lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ bùṣe: agbada ló ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti hú kì í pé ọjọ́ mẹ́ta kí iṣan dúdú tó yọ nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kejì ì bá kàn sọ òkìtì ẹ̀gẹ́ di òkìtì àpò ni.

A palẹ̀ ojú iṣẹ́ mọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò lò fún oṣù kan, a so aṣọ pupa mọ́ ọn. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀, ó ti kúrò nìyẹn. Bẹ́líìtì àti páànù oníhò tuntun tó ń lọ ẹ̀gẹ́ ń rọ̀ lára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ajọ̀ sún mọ́ agbada.

Lẹ́yìn náà ni àpò. Àpò 15, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba kílò 50 ẹ̀gẹ́ lílọ̀, ló ń gba iṣẹ́ ọjọ́ kan. A kun àpò 45 ní ọ̀dà mẹ́ta: pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ kan fún iṣẹ́ ọjọ́ kan. Èyí tí a lọ̀ lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú la ó yan án. Òfin kan péré ló wà: bí kò bá sí àpò òfìfo, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ ẹ̀gẹ́. Àpò kì í sì í ṣófo àfi bí agbada bá ti jẹ ohun inú rẹ̀ tán. Káàdì tí Toyota ń pè ní kanban, tó ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé ó tó àkókò láti ṣe òmíràn, náà nìyẹn, àpò la fi ṣe tiwa. Ti ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta máa ń sùn mọ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí ọjọ́ Ìsinmi, ó sì máa ń kan jù. A kó o sọ́tọ̀ fún àwọn oníbàárà tó fẹ́ràn gàrí kíkan bíi ti Ìjẹ̀bú.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òfin náà ti fẹ́ bàjẹ́. Iye apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń sanwó fún àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́, ta ló máa wá jókòó lásán nítorí àpò? Wọ́n ń bó o lọ, wọ́n ń kó o sínú omi nínú dúrọ́ọ̀mù. A sọ owó náà di ti ojúmọ́, ní ìwọ̀n ohun tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀, a sì mú 3 nínú wọn lọ síbi jíjọ̀ àti dídì, owó kan náà. Bí ẹ ò bá ní fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ owó, ẹ má wulẹ̀ kun àpò kankan.

Ní ti ọkọ̀, a ní kí àgbẹ̀ máa hú tọ́ọ̀nù 1 lójúmọ́, kí ó fi ìyókù sílẹ̀. Ilẹ̀ ni fíríìjì ẹ̀gẹ́.

Jáàkì ló kù. Àpò tí wọn ò fún dáadáa máa ń yan fún ìṣẹ́jú 35, á sì ṣù ní kókó. Ẹni tó ń tú àpò ló ń dán an wò: á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, á ṣí ọwọ́. Bó bá tú ká, ó yá. Bó bá ṣù síbẹ̀ tí ọwọ́ sì tutù, àpò náà padà sábẹ́ jáàkì, kódà bí agbada bá ń dúró.

Nígbà tí yíyan wá sílẹ̀ sí ìṣẹ́jú 22, mo tún ìṣirò náà ṣe: 19 lọ́nà 6 lọ́nà 4, kílò 456. A fi àpò 3 kún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan.