Bí A Ṣe Lè Yẹ Bàtà Ìsáré Orí Òkè Wò Kí A Tó Fi Ẹsẹ̀ Lé E Lọ́wọ́

Àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta ni a ó gùn kí a tó dé ìlú àtijọ́ tó wà lórí Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sáré níbẹ̀ mọ̀ pé àtẹ̀gùn nìkan kọ́ ni ẹsẹ̀ òun yóò tẹ̀. Ọ̀dà ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀ nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà kọnkéré, lẹ́yìn náà àpáta tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yẹ̀pẹ̀ tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́, gbòǹgbò igi, àti ẹrẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú. Bàtà kan náà ni yóò gbé e la gbogbo rẹ̀ kọjá. Àwọn oníbàtà a máa sọ pé bàtà àwọn bá gbogbo ilẹ̀ mu, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bá gbogbo ilẹ̀ mu dọ́gba-dọ́gba. Iṣẹ́ ẹni tó ń yẹ bàtà wò ni láti wá ibi tí bàtà náà ti kù díẹ̀ káàtó, kí ó sì mọ̀ bóyá ibẹ̀ gan-an ni òun ti máa ń sáré jù. Ní tèmi, ìgbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni bàtà ń fi ara rẹ̀ hàn, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ nígbà náà ni mo fi ń ṣe ìdájọ́.

Ẹ dojú bàtà náà dé kí ẹ tó wo àwọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi rúlà wọn eyín rọ́bà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Eyín tó gùn ní mìlímítà 3 sí 4 yẹ ilẹ̀ líle tó gbẹ, ó sì ń lọ geere lórí ọ̀dà. Èyí tó bá tó mìlímítà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹrẹ̀ ni a ṣe é fún, nítorí ó ń gún wọ inú ilẹ̀ rírọ̀, àyè tó wà láàárín eyín kan sí èkejì sì ń jẹ́ kí ẹrẹ̀ já bọ́. Fún ẹni tó ń wá bàtà kan fún ilẹ̀ púpọ̀, mìlímítà 4 sí 5 ni mo fara mọ́. Kò sì yẹ kí eyín iwájú àti ti gìgísẹ̀ kọjú síbì kan náà, torí ti iwájú ni a fi ń ti ara wa lọ sókè, ti gìgísẹ̀ ni a fi ń dá ara dúró bí a bá ń sọ̀.

Àmọ́ lórí àpáta bí ti Ìdànrè, eyín gígùn kò ní ohun tí yóò gún wọ̀. Orí eyín nìkan ló ń kan òkúta, bí orí náà bá sì tẹ́ẹ́rẹ́, rọ́bà tó fara kan àpáta ti kéré nìyẹn. Rírọ̀ rọ́bà àti fífẹ̀ orí eyín ló ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Inú ọ̀fọ̀ ni rọ́bà àtẹ́lẹ̀ bàtà òkè ti wá: ní ọdún 1935, mẹ́fà nínú àwọn tí Vitale Bramani, ará Ítálì, bá gun òkè kú ní Punta Rasica nínú àwọn òkè Alps, wọ́n sì ka bàtà tí kò yẹ mọ́ ohun tó fà á. Ní 1937 ni ó gbé àtẹ́lẹ̀ onírọ́bà eléyín jáde, láti ara orúkọ rẹ̀ sì ni orúkọ Vibram, tí a ń rí lábẹ́ ọ̀pọ̀ bàtà títí di òní, ti jáde.

Láti mọ irú rọ́bà tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá le koko, ó ṣeé ṣe kí ó pẹ́ lórí ọ̀dà, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé yóò di àpáta tútù mú. Èyí tó rọ̀ ń lẹ̀ mọ́ òkúta, ó sì ń tètè jẹ. Mo gbà kí ó jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi sórí kọnkéré tó dán, ẹ wọ bàtà tuntun sí ẹsẹ̀ kan àti èyí tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ sí èkejì, ẹ di ògiri mú, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ilẹ̀ wò. Ìyàtọ̀ yóò hàn kíákíá. Àpáta tí ohun aláwọ̀ ewé bá ti hù lé lórí kò sí lára ìdánwò yìí, nítorí kò sí rọ́bà tí mo mọ̀ tó ń dì í mú.

Ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ bàtà wò, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ó fi sáré gan-an. Ó yẹ kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ ṣẹ́ kù láàárín ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù àti iwájú bàtà, kí àwọn ìka sì lè tẹ́ ara wọn láìfún pọ̀. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi méjèèjì ló dúdú tí wọ́n sì ṣí kúrò nítorí bàtà tó bá mi mu régé nínú ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tẹ́jú. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, gbogbo ìwúwo ara ló ń ti ẹsẹ̀ síwájú, ìka a sì máa kan iwájú bàtà nígbà gbogbo tí a bá tẹ ilẹ̀. Nítorí náà, ẹ wá àtẹ̀gùn ilé, kí ẹ sọ̀ ọ́ ní ogún ìgbà. Bí gìgísẹ̀ bá ń gbéra, ẹ dá okùn padà sínú ihò tó kẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà kí ó ṣe ojóbó kékeré, ẹ ki okùn ẹ̀gbẹ́ kejì bọ ojóbó náà, kí ẹ tó fà á le. Bí ìka bá ṣì ń kan iwájú lẹ́yìn èyí, ẹ dá bàtà náà padà, bó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Fóòmù tó nípọn ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ òkúta, àmọ́ ó ń gbé ẹsẹ̀ jìnnà sí ilẹ̀, bí a bá sì tẹ ẹ̀gbẹ́ òkúta, bàtà gíga ló ń tètè yẹ̀, tí ọrùn ẹsẹ̀ yóò fi rọ́. Ẹ di iwájú àti gìgísẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ: ó yẹ kí iwájú gbà díẹ̀, kí àárín sì kọ̀. Ẹ fi orí òkúta ṣóńṣó tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ kejì wà nínú. Bí ọwọ́ náà bá dùn yín, ẹsẹ̀ yóò dùn yín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn bàtà kan ní pákó tẹ́ẹ́rẹ́ oníke nínú àtẹ́lẹ̀ nítorí èyí. Ẹ béèrè iye tí gìgísẹ̀ fi ga ju iwájú lọ pẹ̀lú: mìlímítà 4 sí 8 bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lára mu, ẹni tó bá sì ń ti orí 10 bọ̀ sí 0 gbọ́dọ̀ fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kọ́ ọ, kí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ má bàa fara pa.

Ní ti ara bàtà, ẹ wá èyí tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ tí iwájú rẹ̀ sì le. Èyí tí omi kò lè wọ̀ kò wúlò púpọ̀ nínú òjò tiwa, torí ọrùn bàtà ni omi ń gbà wọlé, kì í sì í rí ọ̀nà jáde mọ́.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni ẹ ń rà, ẹ má jẹ́ kí eyín tó ṣì mú tàn yín. Fóòmù a máa gbó bí bàtà bá tilẹ̀ wà nínú páálí, lẹ́ẹ̀ tó so àtẹ́lẹ̀ pọ̀ náà sì ń gbẹ. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ fóòmù bóyá ó ti sán wẹ́wẹ́, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bóyá ó ń dìde padà, kí ẹ sì gbìyànjú láti ṣí etí àtẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ gbé e lọ sórí òkè ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, lọ́jọ́ tó gbẹ, lọ́jọ́ tí òjò ti rọ̀, àti lọ́jọ́ tí ẹ ó pẹ́ lórí rẹ̀ tó wákàtí méjì, torí pé lẹ́yìn wákàtí kan ni ẹsẹ̀ ń wú tí ohun tó ń ni ín lára ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti yọ̀ sílẹ̀, àti irú ilẹ̀ tó jẹ́. Bí ẹ bá délé, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ wo àwọn ìka, ẹ̀yìn gìgísẹ̀ àti abẹ́ àtàǹpàkò: ibi tó bá pọ́n lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ ti ìbọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó bá pọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ti bàtà ni.