Bí a ṣe ń sára sóòrùn nítorí fítámì D

Ní Ọ̀ṣogbo ìlú aró, ta ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń sá àdìrẹ? Ara wa gan-an la ò mọ̀ ọ́n sá.

Fítámì D ló ń jẹ́ kí ara rí kálíṣíọ̀mù inú oúnjẹ, èyí tó ń mú egungun le, gbà. Bí kò bá tó, ẹsẹ̀ ọmọdé á wọ́, egungun àgbà á máa ro ó. Awọ ara ló ń fi oòrùn ṣe é, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín á wá parí iṣẹ́.

Ẹ ká aṣọ kúrò ní apá àti ojúgun. Ojú ò sí nínú ohun tí mo ń sá. Fìlà ni mo fi ń bò ó. Ẹ má wo aago, òjìji yín ni kí ẹ wò. Bó bá ṣì gùn jù yín lọ, oòrùn ò tíì tó nǹkan. Èmi máa ń lo 20 ìṣẹ́jú lórí àga rọ́bà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, màá sì máa ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Awọ dúdú kì í tètè ṣe é, ṣùgbọ́n bó bá ti ń ta yín, ẹ wọlé.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ rèé: gíláàsì. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Òkè-Fìà, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn gíláàsì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló máa ń jókòó sí. Òógùn á ti bò ó, á ní, “Ó ti ń wọlé nìyẹn.” Mo ní, “Màámi, ooru lásán ni.” Gíláàsì ń jẹ́ kí ooru kọjá, ṣùgbọ́n ìtànṣán tí awọ ń lò, ó ń dá a dúró. Inú mọ́tò tí wọ́n wé gíláàsì rẹ̀ sókè náà ò yàtọ̀. Òógùn kì í ṣe ẹ̀rí. Ìta gbangba ni kí ẹ jáde sí. Ẹ̀yìnkùlé tó ní ọgbà dára fún ẹni tó ń lo híjáàbù. Tí kùrukùru ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run, ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un.

Ìkókó tí kò tíì pé oṣù 6, ẹ má gbé e sí oòrùn ọ̀sán. Ẹ béèrè fítámì D tí wọ́n ń kán sí i lẹ́nu lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. 400 yúníìtì (IU ni wọ́n ń kọ ọ́ lára páálí) ló ń lò lójúmọ́.

Ẹja títù àti pupa ẹyin ní fítámì D. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń rún teegunteegun ni mo fẹ́ràn fún ọmọdé, torí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí ẹsẹ̀ wọn wọ́, oòrùn kọ́ ló wọ́n wọn, kálíṣíọ̀mù ni.

Ní ti oògùn, 600 yúníìtì lójúmọ́ tó àgbà. Ẹni tó ti lé ní 70 ọdún, 800. Ẹ má kọjá 4,000 láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí ẹ lò ó, torí àpọ̀jù rẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́. Oníhóró 50,000 wà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni dókítà sábà máa ń ní kí wọ́n lò ó. Mo mọ ẹnìkan tó ń gbé e mì láràárọ̀ bíi fítámì C. Ẹ ka nọ́ńbà ara páálí kó tó dẹ́nu.