Bí ẹ ṣe lè mú táyà tó máa pẹ́, tí kò sì ní máa pariwo, fún ọkọ̀ tí ẹ fi ń jáde lójoojúmọ́

Tó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́, ọjà àti ilé ìwé ọmọ ni ọkọ̀ yín sábà máa ń lọ kó tó padà sílé, táyà tí ẹ nílò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń sáré ní márosẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó ń wakọ̀ nítòsí ilé, bíréèkì ló ń tẹ̀ ṣáá, ó ń yí kọ̀nà, ó ń páàkì, ó ń gun etí títì, ibi tó bá sì páàkì sí oòrùn lè máa pa táyà ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìyẹn ni pé rọ́bà táyà yẹn lè gbó kí ojú ẹ̀ tó jẹ tán. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ kọ́ńpìnnì, ọjọ́ orí táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ẹ tẹ̀lé e lọ títí dé nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ 2324, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2024 ni wọ́n ṣe é. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré lẹ rí níbẹ̀, ẹ sá o, kí ọdún 2000 tó wọlé ni wọ́n ti ṣe ìyẹn! Nígbà míì ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni déètì yìí máa ń wà, ẹ̀gbẹ́ kejì á kàn kọ DOT lásán, torí náà tẹ́ ò bá rí i ẹ ní kí wọ́n yí táyà náà padà. Tó bá ti lo oṣù díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí wàhálà, àmọ́ èyí tó ti ń lọ sí ọdún 3, kí ló dé tí ẹ máa fowó táyà tuntun rà á? Àwọn kọ́ńpìnnì ọkọ̀ kan ní kí ẹ pààrọ̀ táyà tó bá ti pé ọdún 6, àwọn tó ń ṣe táyà gan-an sì máa ń sọ pé kó má kọjá 10, bó ti wù kí ojú ẹ̀ ṣì dára tó. Fún ìdí yìí kan náà, mi ò fara mọ́ àlòkù, ẹ lè rí ojú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ ò lè mọ kòtò tó ti já sí tàbí bó ṣe rìn láìní afẹ́fẹ́ tó nínú.

Ti sáìsì ò le rárá. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, sítíkà kan máa ń wà lára férémù ibẹ̀, sáìsì táyà àti iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ká ní ó kọ 205/55 R16 91V: 205 ni bó ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, 55 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́ ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, 16 ni rímù ní íǹṣì. 91 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé 615 kìlógíráàmù, V sì ni eré tó lè gbà, 240 kìlómítà ní wákàtí kan. Nọ́ńbà ẹrù yẹn ò gbọdọ̀ kéré sí ti sítíkà láéláé. Lẹ́tà eré náà, ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀ ju èyí tí kọ́ńpìnnì ọkọ̀ ní kí ẹ lò lọ, àmọ́ kò sídìí tí ẹ fi máa gùn ún lọ sókè, táyà eré sábà máa ń ní rọ́bà tó rọ̀, tó máa ń tètè jẹ, ta ló sì fẹ́ sá 270 lọ sọ́jà?

Àwọn tó fẹ́ràn rímù ńlá ò ní gbà fún mi lórí èyí, àmọ́ rímù ńlá pẹ̀lú táyà pẹlẹbẹ ló ń fa wàhálà jù fún ọkọ̀ àdúgbò. Rọ́bà tó yẹ kó gba kòtò mọ́ ọkọ̀ lára ti tín-ín-rín, rímù á tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà á wú, bẹ́ẹ̀ ni táyà tó bá fẹ̀ jù náà máa ń pariwo ju èyí tó mọ níwọ̀n lọ. Tí kọ́ńpìnnì ọkọ̀ yín bá fàyè gba sáìsì méjì, ẹ mú èyí tí rímù ẹ̀ kéré.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe máa pẹ́ tó, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ TREADWEAR sí. Òfin Amẹ́ríkà ló ní kí wọ́n máa kọ ọ́, torí náà èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù nìkan lè má ní in. Táyà tí wọ́n fi ń díwọ̀n ni 100, èyí tó bá kọ 400 yẹ kó pẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn nínú ìdánwò. Kọ́ńpìnnì kọ̀ọ̀kan ló ń fún táyà ara ẹ̀ ní nọ́ńbà, torí náà ẹ fi wé táyà míì láti kọ́ńpìnnì kan náà, ìyẹn ló dájú jù. Nǹkan bí 500 sókè dáa fún ìrìn ojoojúmọ́. Àmọ́ ẹ má wo nọ́ńbà yẹn nìkan o, torí rọ́bà tó bá le kó lè pẹ́ lè máa yọ̀ tí òjò bá rọ̀. Ẹ wo TRACTION tó wà nítòsí ẹ̀, ìyẹn bí táyà ṣe ń di títì tó tutù mú tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, AA ló ga jù, A tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà B àti C. Èmi o, 500 tó ní A tẹ́ mi lọ́rùn ju 800 tó ní B lọ.

Ó wá ku ariwo, ibẹ̀ gan-an ló ti ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Ojú táyà ló ń sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá gé ojú ẹ̀ sí búlọ́ọ̀kù ńláńlá tí àlàfo ààrin wọn fẹ̀, bíi táyà jíìpù tó ń wọ ẹrẹ̀, búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan á máa gbá títì, afẹ́fẹ́ á há sínú àlàfo, á tún tú jáde, òun lẹ ń gbọ́ tó ń hó wùùù yẹn. Èyí tí ìlà ojú ẹ̀ lọ gbọọrọ yí táyà ká, tí èjìká ẹ̀, ìyẹn etí ojú táyà lọ́tùn-ún àti lósì, dì, tí àwọn búlọ́ọ̀kù ẹ̀ ò sì dọ́gba ní gígùn, máa ń dákẹ́ jùyẹn lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó má dọ́gba ni, kí ariwo wọn má bàa para pọ̀ di ohùn kan. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń pè ní touring, ìtura àti pípẹ́ ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá rí lébẹ̀lì Yúróòpù lára ẹ̀, ariwo wà níbẹ̀ ní dB (désíbẹ́ẹ̀lì, ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo), pẹ̀lú lẹ́tà A, B tàbí C, A ló dákẹ́ jù. Ìyàtọ̀ 3 dB kì í ṣe kékeré, agbára ariwo ti di ìlọ́po méjì nìyẹn. Ohun kan ni pé ariwo tí ẹni tó wà níta ń gbọ́ ni wọ́n wọ̀n, ní nǹkan bí 80 kìlómítà ní wákàtí kan, kì í ṣe tẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sínú ọkọ̀, torí náà ẹ tún bi àwọn tó ń lo táyà yẹn sí irú ọkọ̀ yín. Àwọn táyà kan wà tí wọ́n lẹ fóòmù mọ́ inú wọn kí ariwo má bàa máa dún padà nínú ẹ̀. Wọ́n dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n wọ́n, wàhálà sì wà láti lẹ̀ ẹ́ tó bá jò.

Kẹ́ ẹ tó náwó rárá, ẹ rí i dájú pé táyà ló ń pariwo. Tí ohùn ẹ̀ bá ń yí padà bí títì ṣe ń yí padà, táyà ni. Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá yà sí ọ̀tún tàbí òsì ló ń pọ̀ sí i tàbí ó ń lọ, ẹ ní kí mẹkáníìkì wo bíárìn wíìlì. Ẹ tún fọwọ́ ra ojú táyà, tó bá dán bẹ́ ẹ ṣe ń fọwọ́ lọ tó sì ń ha yín lọ́wọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń bọ̀, aláínmẹ́ǹtì, ìyẹn bí wíìlì ṣe yẹ kó dúró tọ́, ti lọ nìyẹn, táyà tuntun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìpẹ́ tẹ́ ò bá tún un ṣe.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ máa wo afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, iye tó wà lára sítíkà ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ fún un, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sára táyà, ìyẹn ni ibi tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá. Afẹ́fẹ́ tó kéré á jẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, èyí tó pọ̀ jù á jẹ ààrin. Ní nǹkan bí 8,000 sí 10,000 kìlómítà, ẹ gbé tiwájú sẹ́yìn, àmọ́ tí táyà bá ní àmì ọfà, ẹ̀gbẹ́ tó wà náà ni kó dúró sí. Tí owó ò bá ju ti méjì lọ, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi tuntun sí, kódà tó bá jẹ́ iwájú ló ń fa ọkọ̀, torí ẹ̀yìn tó bá yọ̀ nínú òjò ló ṣòroó dá padà jù. Kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n bàlánsì gbogbo ẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí 100 kìlómítà ẹ padà lọ kí wọ́n tún fún àwọn nọ́ọ̀tì wíìlì yẹn dáadáa.