Yíyan Ihò Ìṣàn-omi fún Ọkọ̀ Ojú Omi Kékeré
Nínú ọkọ̀ fáíbà kékeré, irú èyí tí ń ná ọ̀sà Èkó, ẹ kọ́kọ́ da korobá omi kan sí ilẹ̀ inú ọkọ̀, kí ẹ sì wo ibi tí ó dúró sí; ibẹ̀ ni kí ihò tí omi yóò máa gbà ṣàn jáde wà. Ihò tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4 ní àyè ìlọ́po mẹ́rin ti sẹ̀ǹtímítà 2, ṣùgbọ́n asẹ́ tí ojú rẹ̀ há lè ba àǹfààní yìí jẹ́. Ẹ má ra òrùka ẹnu ihò tí a fi idẹ lásán ṣe, nítorí pé omi iyọ̀ a máa fa sínkì inú rẹ̀ jáde títí yóò fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí yóò sì máa rún lọ́wọ́; èyí tí a fi irin 316 (irú stainless steel kan) tí kì í tètè dípẹtà ṣe ni kí ẹ béèrè. Bí pákó bá wà láàárín fáíbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi epoxy (oje bíi gọ́ọ̀mù tí ó máa ń gan, tí kì í jẹ́ kí omi wọlé) kun etí ihò náà yíká, kí pákó má baà jẹrà.