Bí A Ṣe Ń Yẹ Kátúùnù Wò Kí Àṣìṣe Má Bàa Bọ́ Sórí Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya kátúùnù ní Òṣogbo, ẹ kọ́kọ́ pa ohùn iṣẹ́ yín kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu àti orin máa ń gba ọkàn ẹni kúrò lára àwòrán. Ẹ mú ẹyọ ohun kan ṣoṣo, ìbáà ṣe fìlà tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, kí ẹ máa ṣọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìran dé òpin kí ẹ tó mú òmíràn. Bó bá jẹ́ orí YouTube ni ẹ ti ń wò ó lórí kọ̀ǹpútà, ẹ dá a dúró, kí ẹ máa tẹ àmì ìdánudúró (.) láti sún síwájú ní àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ kọ́mà láti padà sẹ́yìn.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni àṣìṣe àwòrán tí a yí ojú rẹ̀ padà. Ká ní onílù dùndún kan ń bá èrò lọ sí odò Ọ̀ṣun: ó gbé ìlù kọ́ èjìká òsì, ó ń fi ọwọ́ òsì fún un mọ́ra, ó sì di kọ̀ǹgọ́ mú lọ́wọ́ ọ̀tún. Nígbà tó bá yẹ kó ṣẹ́rí padà, ayàwòrán tó fẹ́ dín iṣẹ́ kù yóò kàn yí àwòrán kan náà sí òdìkejì, kọ̀ǹgọ́ yóò sì ṣí lọ sí ọwọ́ òsì lójijì. Òǹwòran tó mọ ìlù yóò rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ lè fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ẹ tún àyà, apá àti ìlù yà.

Ní ti àwọ̀, àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú fíìmù, ọ̀pọ̀ ayàwòrán a sì máa ya 12, kí wọ́n lo ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, bí ẹ bá gbàgbé láti kun fìlà nínú ẹyọ àwòrán kan, yóò ṣẹ́jú wìrì lójú òǹwòran. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé àwòṣe tí gbogbo yín ń lò.

Ẹ má ka ìṣúnná, ìyẹn ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe láti dín iṣẹ́ yíyà kù, mọ́ àṣìṣe o. Ìka mẹ́rin lọ́wọ́ kan jẹ́ àṣà kátúùnù láti ìgbà pípẹ́. Kọ́là ọrùn Yogi Bear, béárì inú kátúùnù tí iléeṣẹ́ Hanna-Barbera gbé jáde ní 1958, ló jẹ́ kí wọ́n lè máa yí orí rẹ̀ nìkan nígbà tí ara rẹ̀ dúró sójú kan.

Ẹ kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹ ti rí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹlòmíràn tí kò bá yín yà á tún un wò. Bí àkókò bá há, ẹ ṣàtúnṣe ohun tó wà lọ́wọ́ olú ẹ̀dá ìtàn ná, kí ẹ tó kan àwọn èrò ẹ̀yìn.