Bí a ṣe ń lọ wo Òkè Tara, ibùjókòó àwọn ọba Ireland àtijọ́

Àlejò lójú, kò fi ríran. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí fún ọ̀pọ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ gun Òkè Tara ní County Meath, nílẹ̀ Ireland. Wọ́n á máa retí ààfin àti ògiri. Koríko, òkìtì àti yàrà ni wọ́n á bá, pẹ̀lú àgùntàn tó ń jẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká to ìrìn náà kí ẹ tó gbéra.

Láti Dublin, ọ̀nà M3 lẹ ó gbà, kì í sì í tó wákàtí kan bí ọ̀nà bá dá. Ọ̀fẹ́ ni, tọdún tọdún ló sì ṣí sílẹ̀. Ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, kí ẹ mú aṣọ òjò dání, torí orí òkè náà gbalasa.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má sáré lọ sídìí òkúta tó nàró lókè. Ẹ yà sápá àríwá, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìpẹ̀kun ebè gígùn méjì tó dojú kọra. Gbọ̀ngàn Àsè ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ awalẹ̀pìtàn gbà pé ọ̀nà ìwọ́de ọba ni. Ẹ gba àárín wọn padà sí gúúsù. Ilẹ̀ á máa ga, òkìtì á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò mọ ọ̀nà tó dára ju èyí lọ láti wọ Tara.

Ráth na Seanadh, ilẹ̀ tí ebè àti yàrà yí ká, lẹ ó kàn, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀ ibẹ̀ rí gbágungbàgun, nítorí láàárín 1899 sí 1902, àwọn kan tó gbà pé ìran Ísírẹ́lì làwọn Gẹ̀ẹ́sì, wú ilẹ̀ náà, wọ́n ń wá Àpótí Májẹ̀mú. Akéwì W. B. Yeats àti Maud Gonne, obìnrin tó jà fún òmìnira Ireland, wà lára àwọn tó pariwo pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Wọn ò rí àpótí kankan; ohun tí wọ́n bà jẹ́ ò sì ṣeé tún ṣe mọ́.

Ìdí Duma na nGiall, Òkìtì Àwọn Ìdógò, ni kí ẹ ti pẹ́ jù. Ibojì ni, ó ti lé ní 5,000 ọdún, ó sì dàgbà ju pírámíìdì Íjíbítì lọ. Géètì ni wọ́n fi ti ẹnu rẹ̀ pa. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi iná fóònù tàn wọlé, ẹ ó rí òkúta tí wọ́n fín òbìrìkítí sí lára. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá àti oṣù kejì, oòrùn àárọ̀ máa ń tàn wọnú rẹ̀. Bí ẹ bá lè yan ìgbà, ìgbà yẹn ni kí ẹ yàn. Inú òkìtì yìí náà ni wọ́n ti wú òkú ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde tòun ti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gun orí rẹ̀.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó lọ bá òkúta Lia Fáil, èyí tó nàró lókè, lórí òkìtì tí wọ́n ń pè ní An Forradh. Ìtàn ní bí ọba tó tọ́ bá fara kàn án, á ké. Kì í ṣe ibẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀ o: lẹ́yìn ogun 1798, nígbà tí àwọn ará Ireland dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n gbé e wá láti fi sàmì sí ibojì àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó kú lórí òkè náà. Lọ́dún 2012 ẹnì kan fi òòlù lù ú. Ní 2014 wọ́n da ọ̀dà sí i lára. Ẹ wò ó, ẹ fọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́, ó tó.

Bí agbára bá ṣì wà, ẹ gba ìwọ̀ oòrùn lọ sí Ráth Ghráinne, òkìtì ibojì àtijọ́ tí yàrà yí ká. Géètì tí ẹ bá ṣí, kí ẹ tì í padà, nítorí àwọn àgùntàn.